Àjọrà Oúnjẹ Lápò-lápò àti Búrẹ́dì Àlìkámà Àìjọ̀: Ìbéèrè Tí Àwọn Èèyàn Máa Ń Bi Wá

Àwọn tó fẹ́ darapọ̀ mọ́ àjọrà wa ní Ìbàdàn, àti àwọn tó fẹ́ dá tiwọn sílẹ̀ ládùúgbò wọn, ló máa ń béèrè nǹkan wọ̀nyí. A kò tò wọ́n bí ìwé òfin. Èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ la dáhùn gùn jù.

Kí ni àjọrà gan-an? Ṣé àjọ náà ni?

Rárá o. Nínú àjọ, owó lẹ dá, owó náà lẹ ó kó. Nínú àjọrà, ẹ dáwó pọ̀ láti ra oúnjẹ lápò lọ́wọ́ ẹni tó ń ta lápò, ẹ wá pín in nílé. Kò sí èlé, kò sí ẹni tó ń dúró de oṣù tí yóò kàn án. Bí owó bá pé lọ́jọ́ Ẹtì, oúnjẹ gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá ti bá àwọn ará ilé rẹ̀ pawó ra màlúù nígbà ọdún ti mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìrẹsì kò ní orí àti ẹsẹ̀ tí a ó máa du mọ́ ara wa lọ́wọ́.

Ṣé nǹkan tuntun ni?

Ó ti pẹ́. Ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ England, àwọn òṣìṣẹ́ 28 kan, tí àwọn ahunṣọ wà lára wọn, dáwó jọ wọ́n sì ṣí ìsọ̀ tiwọn ní Toad Lane lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, ọ́ọ̀tì àti àbẹ́là ni wọ́n kọ́kọ́ tà. Ìyẹ̀fun ṣe pàtàkì lára rẹ̀ nítorí pé láyé ìgbà náà, àwọn oníbúrẹ́dì kan níbẹ̀ a máa po kẹ́míkà funfun kan tí wọ́n ń pè ní álọ́ọ̀mù mọ́ ọn kí búrẹ́dì wọn lè funfun. Ẹ jẹ́ rántí èyí nígbà tí a bá dé orí búrẹ́dì.

Nílé níbí, òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde ní 1935, àwọn àgbẹ̀ oníkòkó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó kún ọ́fíìsì, ọjà àti ilé ìwé lónìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àmọ́ alájẹṣẹ́kù ń fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Àjọrà kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn díẹ̀ tó mọ ilé ara wọn ni.

Kí lẹ máa ń rà, kí lẹ kì í rà?

Ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, èlùbọ́, epo pupa, òróró, àlìkámà, ọkà bàbà àti jéró. Ohun tó bá gbẹ, tó ṣeé wọ̀n, tó sì lè pẹ́ nílé. A kì í ra tòmátì àti ata rodo, torí kí a tó pín in tán, àwọn kan á ti jẹrà. A ti fi iṣu náà sílẹ̀. Kò sí iṣu méjì tó dọ́gba, kò sì sí ẹni tí kì í rò pé tòun ló kéré jù.

Èèyàn mélòó ló yẹ kó wà níbẹ̀?

Mẹ́jọ sí méjìlá. Bí ẹ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín sí méjì, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní akápò tirẹ̀.

Ta ló ń di owó mú?

Akápò kan ni. Àmọ́ ẹni tó ń gba owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń lọ ná ọjà. Ẹni méjì ló ń lọ sọ́jà, akápò á sì ti ilé fi owó ránṣẹ́ sí oníṣòwò tààrà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye.

Òfin kan wà tí a kì í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kankan: kò sí àwìn. Ẹni tí àlááàtì rẹ̀ kò bá wọlé kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù lọ́jọ́ tí a dá, kò sí nínú ìrìn yẹn, ìbáà jẹ́ ìyá ọkọ akápò. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ bá ti sọ pé "Ẹ jẹ́ ká fi kún un fún Àǹtí Bísí, wọ́n á san án lọ́la," owó ẹlòmíràn lẹ ti fi yá Àǹtí Bísí láì béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àjọrà kú sí. Kì í ṣe olè ló pa wọ́n.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta lápò kì í kọ rìsíìtì. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀ wọn, ẹ kọ orúkọ ọjà, iye àpò àti iye owó sórí bébà, ẹ gbé e lé àpò náà lórí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí WhatsApp gbogbo yín lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò tí ẹ bá yà nílé lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta kò dà bí èyí tí ẹ yà nídìí ìsọ̀.

Báwo lẹ ṣe ń pín in tí ìjà kì í fi í ṣẹlẹ̀?

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Kóńgò dára fún ọjà, kò dára fún àjọrà. Kóńgò ẹnì kan jinlẹ̀, ti ẹlòmíràn ti wọnú nídìí. Ẹnì kan á bu tirẹ̀ títí yóò fi yọrí, ẹlòmíràn á fi ọwọ́ gé e. Ẹ dáwó ra sìkéèlì tí wọ́n ń so kọ́, èyí tó lè gbé 50 kg ó kéré tán, kí ó jẹ́ ti gbogbo yín.

Kí a tó tú okùn ẹnu àpò, a ó kọ́kọ́ wọn odindi rẹ̀ níṣojú èèyàn mẹ́ta. Ká ní wọ́n kọ 50 kg sára àpò ìrẹsì tí a rà ní ₦90,000. Alábàárù gba ₦1,000, ọkọ̀ gba ₦4,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦95,000. Bí ó bá pé 50 kg lóòótọ́, kílò kan jẹ́ ₦1,900. Ṣùgbọ́n bí sìkéèlì bá sọ pé 48 kg ni, kílò kan ti di nǹkan bí ₦1,979. Iye tí sìkéèlì sọ lẹ ó fi pín owó náà, kì í ṣe iye tí a kọ sára àpò. Bí ẹ bá pín in sí 50 nígbà tó jẹ́ 48 ló wà nílẹ̀, ẹni tó bá gbà kẹ́yìn ló máa jẹ gbèsè náà, yóò sì rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Owó ọkọ̀ náà, kílò la fi ń pín in, kì í ṣe orí. Ẹni tó ra 2 kg kò lè san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ra 15.

Gàrí ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe máa bù ú láti ẹnu àpò. Èyí tó kúnná máa ń rọ̀ sísàlẹ̀, ẹni tó bá gba ìdí àpò á ní eruku lẹ fún òun. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí tapólì tó mọ́, ẹ fi ọwọ́ rò ó pọ̀, kí ẹ tó máa wọ̀n. Epo pupa náà rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dì sísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì. Ẹ gbé e sóòrùn títí yóò fi yọ́ tán, ẹ mì í dáadáa, ẹ wá pín in.

Ta ló ni èènì?

Ìbéèrè yìí dà bí àwàdà lójú ẹni tí kò tíì ṣe é rí. Bí ẹ bá ra àpò ẹ̀wà mẹ́ta, oníṣòwò á bu nǹkan sí i fún yín, ẹni tó lọ sọ́jà á sì ka èyí sí owó ẹsẹ̀ rẹ̀. Tiwa ni pé a dà á mọ́ ohun tí a fẹ́ pín kí a tó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó lọ sọ́jà ní owó ẹsẹ̀ tirẹ̀ tí gbogbo wa mọ iye rẹ̀, ó sì wà nínú ìṣirò bí owó ọkọ̀ ṣe wà níbẹ̀. Ẹ má fi àánú bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ pé "ọmọ wa náà ni, kò ní gbowó." Yóò gbà á lọ́nà míràn.

Ẹnì kan sanwó, kò wá gbé ẹrù rẹ̀. Kí la ó ṣe?

Ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tà á fún ẹlòmíràn nínú yín ní iye tí ẹ rà á, kí ẹ sì dá owó rẹ̀ padà fún un. Ilé akápò kì í ṣe ilé ìkẹ́rùsí.

Ṣé owó tó ń yọ níbẹ̀ tiẹ̀ tó nǹkan?

Lórí ìrẹsì, kò pọ̀. Ó lè má ju owó ọkọ̀ lọ nígbà míràn, pàápàá bí ilé yín bá jìn sí ọjà. Lórí ẹ̀wà, gàrí àti àlìkámà, ó máa ń hàn dáadáa, torí pé kí àwọn ọjà wọ̀nyí tó dé inú dẹ́ríkà lẹ́nu ọ̀nà yín, ọwọ́ tó ti kọjá pọ̀, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ti yọ èrè tirẹ̀.

Èrè tó tóbi jù wà nínú àsìkò. Ẹ̀wà tuntun máa ń pọ̀ láti òkè ọya ní ìparí ọdún. Epo pupa máa ń pọ̀ láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún. Wọ́n ń kórè àlìkámà ní oṣù Kẹta àti Kẹrin. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé nígbà yẹn ló yẹ kí èèyàn rà á. Owó tí a ó fi ra àpò kan lẹ́ẹ̀kan náà ni kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, òun náà ló sì mú kí a máa jọ ra nǹkan.

Báwo la ṣe lè tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n fi Sniper sí i díẹ̀.

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Oògùn apakòkòrò tó wà nínú rẹ̀, dichlorvos, kò sí fún oúnjẹ rárá, fífọ̀ ẹ̀wà kò sì tó láti fi ọkàn balẹ̀. Ní 2019, NAFDAC ka títa àwọn ìgò kéékèèké rẹ̀ léèwọ̀ nítorí irú ìlòkulò báyìí. Bí ẹ bá tú àpò ẹ̀wà ní ìsọ̀ tí òórùn oògùn sì gba afẹ́fẹ́, ẹ má rà á, bó ti wù kí ó pọ́n tó.

Ohun tó ń pa kòkòrò láìsí oògùn ni àìrí afẹ́fẹ́ mí. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS. Ọ̀rá nípọn méjì ló wà nínú rẹ̀, àpò lásán sì wà níta. Àwọn onímọ̀ yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀wà ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù láàárín ọdún 1980 sí 1990. Ẹ da ẹ̀wà tó gbẹ dénú sí i, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ di ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pinpin. Ẹ má ṣí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó kéré tán. Kòkòrò inú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, kò sì ní lè bí sí i mọ́. Kẹ́ẹ̀gì omi tó mọ́, tó sì gbẹ, á ṣe irú iṣẹ́ kan náà bí ẹ bá rọ ẹ̀wà kún un dé ẹnu tí ẹ sì dé e le. Ata gbígbẹ tí àwọn ìyá wa ń jù sí i dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹni tó ní fìríìsà tí iná ń wà fún lè kó èyí tó máa jẹ láàárín oṣù kan sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó kó o síta.

Epo pupa ńkọ́? Báwo la ṣe lè mọ èyí tí wọ́n ti po nǹkan mọ́?

Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nípa Sudan IV, àwọ̀ iléeṣẹ́ tí kò tọ́ sí ẹnu èèyàn, tí àwọn kan ń fi mú epo pọ́n. Kò sí ìdánwò inú ilé ìdáná kankan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹ̀rí tí a ní ni pé kí a mọ ibi tí wọ́n ti fún un, kí ẹnì kan nínú wa sì débẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ fi ń ra àlìkámà oníhóró? Kí ló ṣe ìyẹ̀fun tó wà nínú ọ̀rá ní ìsọ̀?

Hóró àlìkámà ní èèpo, ó ní ojú kékeré tí yóò ti hù, ó sì ní funfun inú. Ìyẹ̀fun funfun, funfun inú yẹn nìkan ni. Wọ́n ti yọ èèpo àti ojú rẹ̀ dànù, ìdí nìyẹn tó fi lè wà lórí àtẹ fún oṣù púpọ̀. Ojú hóró ní òróró nínú. Tí ẹ bá ti lọ̀ ọ́, òróró náà ti bọ́ sí gbangba nìyẹn, afẹ́fẹ́ àti ooru á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́. Nínú ooru tiwa níbí, ìyẹ̀fun àìjọ̀, èyí tí a kò yọ èèpo àti ojú rẹ̀, tó bá wà nílẹ̀ ju nǹkan bí oṣù kan lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí òróró àtijọ́, búrẹ́dì rẹ̀ á sì korò díẹ̀ lẹ́nu.

Hóró tí a kò tíì lọ̀, tó gbẹ, tí kòkòrò kò rí wọ̀, lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti rí ohun tó so àjọrà pọ̀ mọ́ búrẹ́dì báyìí. Ẹni tó fẹ́ jẹ búrẹ́dì àìjọ̀ gidi nílò hóró lápò àti ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan kò lè jẹ àpò kan kí ó tó di ọdún míràn, ẹlẹ́rọ ìlọta náà kì í sì í fẹ́ tan ẹ̀rọ nítorí kóńgò kan. Èèyàn mẹ́wàá lè ra àpò kan, kí wọ́n sì jọ máa lọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Níbo ni àlìkámà náà ti ń wá?

Kánò, Jígàwá, Kébbí àti Bọ̀rnó. Wọ́n ń gbìn ín nígbà ọyẹ́, wọ́n ń fà omi sí i, torí pé kò fẹ́ ooru. Ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn ará Hausa tó ń ta jéró àti ọkà bàbà lẹ ó ti rí i. Ti òkèèrè ló pọ̀ jù nínú èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ìyẹ̀fun ńláńlá ń lọ̀. Àwọn àgbà á rántí pé ìjọba ológun fòfin de kíkó àlìkámà wọlé ní 1987, búrẹ́dì sì di ọ̀wọ́n, kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò ní 1992. Búrẹ́dì funfun tó mọ́ wa lára tiẹ̀ kì í ṣe ohun ìbílẹ̀ wa. Ará Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ló sọ ṣíṣe búrẹ́dì di iṣẹ́ ńlá ní Èkó láàárín ọdún 1920 sí 1930.

Báwo ni mo ṣe lè mọ àlìkámà tó dára?

Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ láti àárín àpò, kì í ṣe láti ẹnu rẹ̀. Kí hóró rẹ̀ kún, kí ó má rún. Ẹ fi eyín gé ọ̀kan. Bí ó bá dún kẹ̀ẹ́, ó gbẹ. Bí ó bá rọ̀ lábẹ́ eyín, omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò bu, yóò sì hu ewú nílé. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Èyí tó ń rùn bí ibi tí òjò ti jò sí, ẹ fi sílẹ̀. Majele tí ewú máa ń fi sínú ọkà àti ẹ̀pà, tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, iná kì í pa á tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àgbàdo, àgbàdo tiẹ̀ burú jù níbi èyí.

Mo gbé e lọ síbi ìlọta, ìyẹ̀fun náà ń ta sí ata. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata tàbí èlùbọ́ lẹ gbé e sí. Ẹ wá ẹlẹ́rọ tó jẹ́ pé ohun gbígbẹ nìkan ló ń lọ̀, kí ẹ sì débẹ̀ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ àlìkámà mélòó kan fọ ẹ̀rọ náà, ẹ da ìyẹn fún adìyẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ irin ìlọta ni, ẹ má jẹ́ kó lọ tiyín lọ́jọ́ yẹn, torí irin tuntun máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú oúnjẹ. Ẹni tó bá ní òòfà lè fà á gba inú ìyẹ̀fun náà kọjá. Ohun tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn lè yà yín lẹ́nu.

Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ ṣà á, ẹ fi igbá sẹ́ òkúta kúrò nínú omi, ẹ sá a títí yóò tún fi dún kẹ̀ẹ́. Ẹ sọ fún ẹlẹ́rọ kó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: kí ti àkọ́kọ́ rí wóróworo, kí ó wá fún ẹ̀rọ pọ̀ fún èkejì. Bí ó bá fún un pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹ̀fun á gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè gbà á, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Tí ẹ bá délé, ẹ tẹ́ ẹ títí yóò fi tutù kí ẹ tó dé e. Ẹ má ṣe jọ̀ ọ́.

Ẹ fún wa ní ìwọ̀n tí a lè fi bẹ̀rẹ̀.

Fún búrẹ́dì kan: ìyẹ̀fun àìjọ̀ 500 g, omi 350 sí 375 ml, yíìsì 7 g, iyọ̀ 9 g, ṣúgà tàbí oyin ṣíbí ìjẹun kan, òróró ṣíbí méjì.

Ẹ po ìyẹ̀fun àti omi pọ̀ nìkan, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má fo ibi yìí. Èèpo hóró máa ń mu omi pẹ́, bí kò bá sì tíì mu yó, ó mú bí abẹ, á máa gé okùn inú ìyẹ̀fun náà, èyí tó ń fà bí rọ́bà, tó yẹ kó gbé búrẹ́dì dìde. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi yíìsì, iyọ̀, ṣúgà àti òróró sí i, ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yóò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi omi tàbí òróró ra ọwọ́, ẹ má bu ìyẹ̀fun kún un.

Ẹ bò ó títí yóò fi wú ju bó ṣe wà lọ dáadáa, kó má tíì di ìlọ́po méjì. Nínú ooru wa, ó lè má tó wákàtí kan. Ẹ wo ìyẹ̀fun, ẹ má wo aago. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ ká a, ẹ gbé e sínú agolo búrẹ́dì tí ẹ ti fi òróró pa, ẹ jẹ́ kó tún wú fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá rọra ń padà, ó tó yan. Bí kò bá padà rárá, ó ti pẹ́ jù. Iná 190 sí 200 °C, ìṣẹ́jú 35 sí 45. Ẹ yọ ọ́ nínú agolo, ẹ kàn án nídìí. Yóò dún bí ohun tó ṣófo nínú. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó gé e, ẹ bá mi bẹ àwọn ọmọ.

N kò ní ààrò gáàsì.

Ìkòkò tó nípọn tó sì tóbi. Ẹ da yanrìn gbígbẹ tó mọ́ sí ìdí rẹ̀ níwọ̀n ìka méjì, ẹ dé e, ẹ gbé e sórí iná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ gbé agolo búrẹ́dì lé yanrìn náà, ẹ dé e padà, ẹ dín iná kù sí àárín. Bí ẹ bá fẹ́ kí orí rẹ̀ pọ́n, ẹ kó èédú pípọ́n mélòó kan sórí ọmọrí, kí ọmọrí náà má ní ike lára. Ó máa ń tó nǹkan bí wákàtí kan. Ẹ má gbé ìkòkò náà sí yàrá tí a tì pa, torí èéfín èédú ń pani.

Búrẹ́dì mi le bí bíríkì.

Omi kò tó, ìdí tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ ti mọ́ra pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun tí kì í lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Èkejì ni ìyẹ̀fun tó rí wóróworo jù. Ẹ̀kẹta ni pé àlìkámà ọjà kò rí bákan náà. Àwọn kan kò ní agbára tó pọ̀ nínú, kò sì sí ohun tí pípò lè ṣe sí i. Ẹ fi ìyẹ̀fun funfun ṣe ìdajì ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ yín bá ṣe ń mọ̀ ọ́n. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Búrẹ́dì tí ilé bá jẹ tán sàn ju èyí tí a ń kí nínú fìríìjì lọ.

Ṣé mo lè lo ọkà bàbà, jéró tàbí àgbàdo?

Ẹ lè fi ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹ̀fun náà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò ní ohun tó ń mú kí àlìkámà fà bí rọ́bà, nítorí náà wọn kò lè gbé búrẹ́dì dìde. Ọkà bàbà pupa ló dùn jù nínú wọn, lójú tèmi. Ó ní òórùn kan tó ń rán èèyàn létí ògì bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná.

Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ. Ṣé wọ́n lè jẹ ẹ́ bó bá ṣe wù wọ́n?

Rárá, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Èèpo inú rẹ̀ lè mú kí ṣúgà rọra wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ju ti búrẹ́dì funfun lọ, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ni, ṣúgà wọn á gòkè. Kí wọ́n jẹ ìwọ̀nba pẹ̀lú ẹ̀wà tàbí ẹyin, kí ẹ fi ẹ̀rọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún dókítà wọn. Bákan náà ló rí fún "wíìtì" tí a ń fi ọbẹ̀ jẹ. Òkèlè ńlá mẹ́rin rẹ̀, òkèlè ńlá mẹ́rin náà ni.

Búrẹ́dì aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ohun kan náà?

Àwọ̀ kò jẹ́rìí. Wọ́n lè fi ṣúgà tí a sun pa ìyẹ̀fun funfun láwọ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá: ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ti potassium bromate tí àwọn kan fi ń mú búrẹ́dì wú, NAFDAC ti fòfin dè é tipẹ́. Búrẹ́dì ilé kò nílò rẹ̀ rárá.

Mo wà ní London. Ṣé gbogbo èyí kàn mí?

Tiyín rọrùn jù. Lábẹ́ òfin búrẹ́dì àti ìyẹ̀fun ti 1998 níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè pe búrẹ́dì ní "wholemeal", ìyẹn àìjọ̀, àfi bí gbogbo ìyẹ̀fun inú rẹ̀ bá jẹ́ àìjọ̀. Àwọn ọlọ́ta máa ń ta ìyẹ̀fun ní àpò 16 kg, èèyàn mẹ́rin láti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà lè pín in. Ní Amẹ́ríkà, hóró máa ń wá ní àpò 25 tàbí 50 pọ́ọ̀nù. Ẹ béèrè "hard red" tàbí "hard white", kì í ṣe "soft", torí kéèkì ni "soft" wà fún. Otútù yín náà á mú kí ìyẹ̀fun pẹ́ ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ìwúsókè rẹ̀ á gùn. Ẹ fi í sínú ààrò tí iná rẹ̀ kò tàn, pẹ̀lú ife omi gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Ṣé mo lè máa tà á?

Kí ẹ pín in fún ara yín nínú àjọrà, kò sí wàhálà. Ọjọ́ tí ẹ bá fi í sínú ọ̀rá tó ní orúkọ, tí ẹ gbé e lọ sí ìsọ̀, ẹ ti di oníbúrẹ́dì nìyẹn, ẹ ó sì nílò nọ́ńbà NAFDAC. Wọ́n á wá wo ibi tí ẹ ti ń ṣe é, ilé ìdáná tí ẹ ti ń se ọbẹ̀ kì í sì í tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ wádìí iye tí yóò ná yín kí ẹ tó tẹ orúkọ sára ọ̀rá.